Igi Tí Kò Ṣe É Là ní Pákó

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ìsọ̀ mi ní ọ̀nà Ilo-Awela, láti ọjọ́ tí mo ti dé lẹ ti ń bi mí pé kí ni mo rí lọ́hùn-ún. Mo ní òtútù ni mo rí, ẹ bú sẹ́rìn-ín. Mo ní igi ni mo rí, ẹ tún rẹ́rìn-ín ju ti àkọ́kọ́ lọ, pé Ìyá Rúká ta pákó ní Sángo títí, ó tún wọ bàlúù lọ wo igi. Ó dáa. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ohun kan wà tí mo gbé kiri gbogbo ibi tí mo dé, tí n kò sọ fún ẹnì kankan nínú yín, n ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín lónìí.

Ẹ mọ Rúkáyá, ọmọ mi kan ṣoṣo. Ó kàwé jáde ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì tuntun tó wà ní Ọ̀tà wa níhìn-ín, nígbà tó jẹ́ pé bí o bá sùn tí o jí, yunifásítì kan tàbí ṣọ́ọ̀ṣì kan ti tún dìde níbi tí oko ẹ̀gẹ́ wà lánàá. Èmi ni mo ta pákó àjà fún púpọ̀ nínú wọn, n kò lè purọ́, ó sì dùn mọ́ mi. Rúká rí sìkọ́láṣíìpù, ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó parí, iṣẹ́ tó wá rí ni pé kó máa wọn àwọn igi àtijọ́ kiri ayé, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ara wọn le tàbí kò le. Mo ní, "Rúká, ṣé iṣẹ́ nìyẹn?" Ó ní, "Mọ́mì, wọ́n ń sanwó ẹ̀."

Nígbà tó bímọ lọ́hùn-ún, ọkọ rẹ̀ wà lójú omi níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ epo. Rúká ní kí n wá bá òun wẹ ọmọ, iṣẹ́ òun kò sì ní dúró, nítorí náà ibi tí òun bá ń lọ ni èmi àti ọmọ á máa bá òun lọ. Obìnrin ni ọmọ náà. Àṣàkẹ́ ni mo ń pè é.

Ọjọ́ kẹfà ni ìwọ́ rẹ̀ já. Mo fi òwú dì í, mo wé aṣọ funfun péńpé mọ́ ọn, mo kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi kúrò nínú ike rẹ̀, mo fi ìwọ́ ọmọ mi síbẹ̀. Nílé bàbá mi ní Itele, igi àgbálùmọ̀ kan wà lẹ́yìnkùlé. Ìdí rẹ̀ ni ìwọ́ tèmi wà, ibẹ̀ ni ti Mùrí àbúrò mi, ibẹ̀ náà ni mo fọwọ́ ara mi sin ti Rúká sí. Àwọn àna wa ní ilé àwọn ní Ìkìrun ti wó tipẹ́, pé kí n mú ti Àṣàkẹ́ lọ sí ìdí àgbálùmọ̀ wa. Ìyá mi máa ń sọ pé ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí ìwọ́ rẹ̀ wà, kò ní mọ ibi tó ń padà sí. Mo gbà á gbọ́ títí di òní. Ohun tó wà lọ́rùn mi nìyẹn: kí n gbé ike kékeré yìí délé.

Igi tó nílẹ̀kùn

Abúlé kan ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la kọ́kọ́ lọ. Mo pọn Àṣàkẹ́, mo fi aṣọ òtútù bò ó, a sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Ìyá arúgbó kan ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, irun rẹ̀ funfun báláú. Èmi náà, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Yéè! Ìyá yìí ju ọ̀pá sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ó rò pé mo ṣubú ni. Ọkùnrin méjì sáré dé, wọ́n mú mi lábíyá, wọ́n gbé mi dìde, wọ́n ní ṣé kí àwọn pe dókítà. Rúká rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà n kò kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni mọ́ ní ìlú òyìnbó, ṣùgbọ́n tí mo bá ti rí àgbàlagbà, eékún á máa yún mi.

Inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni igi náà wà, láàárín àwọn sàréè. Ó kúrú, ó sanra, wọ́n sì ti gé ilẹ̀kùn sí i lára láyé àtijọ́. Ilẹ̀kùn gidi o, tó ní àgbékọ́. Mo ṣí i, mo wọlé, mo jókòó nínú igi bí ẹni jókòó ní pálọ̀. Rúká ní igi náà ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtikọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, pé ṣọ́ọ̀ṣì ló wá bá a. Mo ní kí ló dé tí wọn kò gé e. Ó ní kí ni wọ́n máa gé e sí. Mo dìde, mo fi ìka kàn án bí mo ṣe máa ń kan gẹdú ní sọ́míìlì kí n tó sọ iye tí n ó rà á, ó dún bí agbá òfìfo. Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Mo mọ̀. Inú rẹ̀ ti jẹ tán. Kò lè yọ pákó kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́." Ìgbà yẹn ni èrò náà wọ orí mi, kò sì jáde mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo rí àwọn tó wá jọ́sìn níbẹ̀. Arúgbó méje. Ní Sángo, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ló yí mi ká, mo máa ń bú wọn pé wọn kì í jẹ́ kí n kírun pẹ̀lú ìfọkànbalẹ̀. Níbẹ̀ ẹ̀wẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ fẹ́ẹ̀ pa mí. Rúká á gbé okùn tó fi ń wọn igi jáde láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́, èmi àti Àṣàkẹ́ á wà lójú fèrèsé tí a ń wo ọ̀nà. Bàbá onílẹ́tà nìkan ló ń kọjá. Mo wá dẹni tó ń dúró dè é. Ó máa ń juwọ́ sí mi lẹ́ẹ̀kan, ó tán, títí di ọjọ́ kejì. Mo dá wà, ẹ̀yin ènìyàn mi. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn lè dá wà tó bẹ́ẹ̀ kó má sì ṣàìsàn.

Rúká ní, "Mọ́mì, tí ẹ bá fẹ́, ẹ sin ìwọ́ yẹn síbí. Kò sẹ́ni tó máa gé igi yìí láéláé." Mo wo àwọn sàréè yẹn lọ, mo wò wọ́n bọ̀. Ìwọ́ ọmọ tuntun láàárín òkú tí n kò mọ̀ rí? Aúsù bilahi. Mo ti ike mi bọ inú àpamọ́wọ́.

Oṣè

Mo rò pé ní Madagásíkà ara á tù mí, nítorí pé dúdú làwọn ènìyàn ibẹ̀ bíi tèmi, ilẹ̀ wọn sì pupa bí ilẹ̀ Itele kí wọ́n tó da ọ̀dà sí i. Irọ́ ni. Ibẹ̀ ni mo ti dá wà jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé àlejò ni mí. Ní Madagásíkà, àwọn obìnrin á wá bá mi ní ọjà, wọ́n á máa sọ èdè wọn sí mi bí ẹni ń bá ẹ̀gbọ́n wọn sọ̀rọ̀, èmi á máa rẹ́rìn-ín bí ọ̀dẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n rò pé mo ń gbéra ga, wọ́n fi mí sílẹ̀. Ó dùn mí dọ́kàn.

Ìrẹsì ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á da omi sí ìkòkò tí ìdí rẹ̀ jóná, wọ́n á sè é, wọ́n á máa mu ún bí a ṣe ń mu tíì. Mo kọ́kọ́ yínmú. Nígbà tí a fi máa kúrò níbẹ̀, èmi ni mo ń béèrè rẹ̀.

Oṣè ni igi tí a lọ wò. Àwa náà ní in lápá Ṣakí, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú eléyìí. Wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì, wọ́n ga fíofío, ara wọn dán, ìwọ̀nba ẹ̀ka díẹ̀ ló wà lórí bí ẹni pé ẹnì kan fà wọ́n tu, tó sì fi orí wọn gúnlẹ̀. Oòrùn ń wọ̀, gbogbo ara wọn di pupa. Mo dúró láàárín wọn bíi ọmọdé tó ṣìnà nílé ayẹyẹ, tó ń wo ẹsẹ̀ àwọn àgbà. Mo bi ọkùnrin tó ń mú wa kiri bóyá wọ́n ń là á ní pákó. Rúká bá mi túmọ̀ ọ̀rọ̀, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní omi ló kún inú rẹ̀, tí ẹ bá gé e, ó máa rà ni. Mo wo Rúká. Mo ní, "Ṣé o rí i? Ṣé n kò sọ bẹ́ẹ̀?"

Obìnrin tó mọ̀

Ẹ̀yin agégilódò tí ẹ ń fi ìrókò yangàn níwájú mi, ẹ lọ jókòó. Igi kan wà ní ìlú Túlè, ní Mẹ́síkò, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì lòun náà wà, ìdí rẹ̀ fẹ̀ ju àpapọ̀ ìsọ̀ mi àti ìsọ̀ Alájà oníṣìmẹ́ǹtì lọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì ti wá dà bí ilé adìyẹ. Ara rẹ̀ kún fún kókó àti kọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ iléèwé á fi dígí tan oòrùn sí i, wọ́n á ní wo kìnnìún, wo erin, o ó sì rí i lóòótọ́. Mo ní gbogbo kókó yìí, bí èèyàn bá gbé e lọ sí sọ́míìlì, ayùn ló máa kán sí i lára. Rúká ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi pákó."

Ata wà níbẹ̀! Ata gidi. Mo jẹun ọjọ́ àkọ́kọ́, mo sunkún, Rúká rò pé ata ló ta mí. Kì í ṣe ata.

Obìnrin kan ń ta tata yíyan nítòsí igi náà, ó fi ata àti ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Lúpè lorúkọ rẹ̀. Òun náà gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú aṣọ. Ó wo bí mo ṣe pọn Àṣàkẹ́, ó yí mi ká, ó fọwọ́ tún ọ̀já mi ṣe lẹ́yìn bí ẹni pé a ti jọ ń gbé láti kékeré. N kò gbọ́ èdè rẹ̀, kò gbọ́ tèmi. Síbẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó tì í, mo ń sọ Yorùbá fún un, ó ń sọ tirẹ̀ fún mi, a sì ń dá ara wa lóhùn. Ní ọjọ́ kan tí mo ń wá áńkáṣífù nínú àpamọ́wọ́, ike jábọ́, ìdérí rẹ̀ ṣí, aṣọ funfun yọ jáde. Lúpè wò ó. Ó fọwọ́ kan ìdodo ara rẹ̀, ó nàka sí Àṣàkẹ́, ó nàka sílẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó mú mi lọ sí ilé rẹ̀. Igi kan wà ní ẹ̀yìn ilé, kì í ṣe ńlá. Ó nàka sí ìdí rẹ̀, ó na ìka mẹ́rin sókè, ó tún fọwọ́ kan inú rẹ̀: ìwọ́ ọmọ mẹ́rin tó bí. Ó wọlé, ó mú ọkọ́ jáde, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Rúká wà níbẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ sin ín síbí. Ìyá yìí á máa bá wa wò ó."

Mo di ọkọ́ náà mú fún ìgbà pípẹ́. Mo ní, "Ta ni á máa pe orúkọ rẹ̀ níbí? Ta ló máa sọ fún un pé ọmọ Itele ni? Àgbálùmọ̀ wà nílé tó ń dúró dè é."

"Tí wọ́n bá ti gé àgbálùmọ̀ yẹn ńkọ́?"

"Gé kí ni? Láti ọjọ́ tí mo ti ń ta pákó, ẹnì kan kò béèrè pákó àgbálùmọ̀ lọ́wọ́ mi rí."

Mo dá ọkọ́ padà fún Lúpè. Kò bínú. Ó di tata sínú ọ̀rá fún mi, ó fẹnu kan Àṣàkẹ́ lórí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Mùrí pè láti Itele. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn wa fẹ́ ra ẹ̀yìnkùlé. Mọ̀lẹ́bí ti fọwọ́ sí i, ẹ̀yin nìkan ló kù."

Mo ní, "Àgbálùmọ̀ ńkọ́?"

Ó ní, "Ó wà níbẹ̀ nínú ilẹ̀ náà."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ni mo fi pa ara mi. Mo ní, "Ta ló ń la àgbálùmọ̀? Tà á fún wọn. N ó máa gba ẹnu géètì wọn wọlé lọ wò ó."

Igi tí wọ́n fi pa mọ́

Orí òkè kan ní Kalifóníà la parí rẹ̀ sí. Kò sí ilé, kò sí ẹyẹ, èémí kò tó mí. Àwọn igi ibẹ̀ kúrú, wọ́n lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fún omi rẹ̀ tán, púpọ̀ nínú ara wọn ti kú, èèpo tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló wà láàyè tó ń gbé oúnjẹ lọ sókè. Wọ́n ní wọ́n dàgbà ju ohunkóhun tí a rí tẹ́lẹ̀ lọ. Mo wò wọ́n títí, wọ́n sì dà bí èmi fúnra mi lójú ara mi, mo dá wà lórí òkè pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Obìnrin òyìnbó kan tó dé fìlà ló ń mú wa kiri. Mo ní èwo ló dàgbà jù. Ó ní àwọn kì í fi han ẹnikẹ́ni, pé tí àwọn bá fi hàn, wọ́n á bà á jẹ́. Mo ní wọ́n á bà á jẹ́ nítorí kí ni, igi tó lọ́ báyìí, tí kò ṣe é là? Rúká túmọ̀ rẹ̀ fún un. Obìnrin náà wò mí, ó ní, "Mà, kì í ṣe nítorí pákó nìkan ni wọ́n ń gé igi."

Mo gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo gbọ́ ọ ketekete. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ti wà nílé, mo ti ń ro bí n ó ṣe gbẹ́ ilẹ̀ náà, apá ibi tí oòrùn ti ń yọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá rẹ̀.

Itele

Ọjọ́ kẹta tí èmi nìkan délé, tí Rúká àti ọmọ ṣẹ́kù lọ́hùn-ún, mo wẹ̀, mo gbé ike, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Itele ní ọ̀sán gangan. Mo rò pé mo ṣi ilé. Íńtálọ́ọ̀kì ló tẹ́ lọ rẹrẹ lẹ́yìnkùlé bàbá mi, wọ́n fi ọ̀dà funfun fa ìlà sí i fún mọ́tò, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Òjìji kan kò sí níbẹ̀. Mo dúró nínú oòrùn, mo ń wá igi.

Mùrí jáde, ó ti kó ọwọ́ lérí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú."

Mo ní, "Ibo ló wà?"

"Wọ́n ní mọ́tò ò ní ríbi dúró sí. Mo sọ fún wọn pé igi ìdílé ni. Wọ́n ní ẹ̀yin náà fọwọ́ sí i."

"Igi náà ńkọ́? Kí ni wọ́n fi ṣe?"

Ó wolẹ̀. "Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀ṣì, òun ni wọ́n fi se ìrẹsì."

N kò mọ ohun tó ṣe mí tí mo fi béèrè, bóyá iṣẹ́ mi ni. Mo ní, "Ṣé ó jó dáadáa?"

Mùrí ní, "Èéfín rẹ̀ pọ̀."

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ òkú fún. N kò bínú sí pásítọ̀ wọn. Ta ló sọ fún un pé ìwọ́ wa wà níbẹ̀? N kò lè bínú sí Mùrí pẹ́. Èmi ni. Èmi tí mo ti rí igi tó pẹ́ jù láyé, tí mo gbà pé tí kò bá ti wúlò fún mi ní ìsọ̀, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, kò sì sí ewu. Lúpè ti gbé ọkọ́ lé mi lọ́wọ́. Mo dá a padà.

Gáàdì ṣọ́ọ̀ṣì náà, ọkùnrin Ìwó kan tí kì í ṣe ọmọdé, wá bi mí pé, "Ìyá, kí ló sọnù lọ́wọ́ yín níbí?" Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Ìwọ́ tèmi wà lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Ìwó. Ó tó ọdún mẹ́ta tí mo ti débẹ̀ gbẹ̀yìn." Ó lọ mú irin wá, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó hú bíríkì kan. Iyanrìn ni mo kọ́kọ́ rí. Mo gbẹ́ ẹ síwájú, mo kan gbòǹgbò kan tó tó àtàǹpàkò. N kò mọ̀ bóyá ó ti kú tàbí ó ṣì wà láàyè. Mo pe Bisimilahi, mo tú aṣọ funfun, mo sin ìwọ́ Àṣàkẹ́ tì í, gáàdì sì dá bíríkì padà, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó lè jókòó.

Rúká pè lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ti sin ín?" Mo ní mo ti sin ín. Ó ní, "Àgbálùmọ̀ wa ńkọ́, ṣé ó ti so?" Mo ní àsìkò rẹ̀ kò tíì tó. Mo purọ́ fún ọmọ mi, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ gbogbo èyí.

Rúká, kò sí igi níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ibẹ̀. Tí Àṣàkẹ́ bá dàgbà tó sì wá, kó gba ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì wọlé, kó yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Ìlà kẹrin sí ògiri, bíríkì kọkànlá. Gáàdì fi ìṣó ha á lójú díẹ̀, kó wò ó dáadáa. Kó má wá lọ́jọ́ Àìkú, jíìpù funfun kan ló máa ń dúró lé e lórí. Ọjọ́ Ajé ni èmi máa ń lọ, tí gbogbo ibẹ̀ bá dá páropáro. Mo máa ń kúnlẹ̀ sórí bíríkì náà, mo máa ń kí àgbálùmọ̀ bí mo ṣe ń kí àgbà, kò sì sẹ́ni tó ń sáré wá gbé mi dìde.